Bí A Bá Ta Ará Ilé Ẹni Lọ́pọ̀: Ẹ̀kọ́ Bọ́ọ̀lù, Gbèsè àti Èrè

Ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń jókòó tì wọ́n ka ojú ewé yìí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí a jèrè wọn. (Ẹ fi ọ̀rọ̀ "jèrè" yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.)

Ẹ̀kọ́ wa tó kọjá dá lórí orúkọ àwọn nǹkan tí à ń rà lọ́jà. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí owó fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 11 lọ ló bi mí ní ìbéèrè, Yorùbá ló sì fi béèrè rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti dá a lóhùn. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí wọ́n máa ń yọ póìntì kúrò lára kíláàbù tí kò ṣẹ̀ lórí pápá?"

Ìbéèrè ńlá nìyẹn o. Iṣẹ́ àkántáǹtì ni mò ń ṣe. Ìwé owó àwọn ẹlòmíràn ni mò ń kà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya Rye Lane, kí a gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń wí.

Ẹni tó bá mọ Peckham mọ̀ pé bí o bá fẹ́ gbọ́ Yorùbá gidi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni kí o gbà lọ. Níbẹ̀, ẹnì kan á máa gẹrun, ẹni márùn-ún á máa jiyàn. Millwall ló sún mọ́ wa jù, Charlton wà lápá ìlà oòrùn, Crystal Palace wà lápá gúúsù, ṣùgbọ́n ti Arsenal, Chelsea àti Manchester United ni wọ́n máa ń fi pariwo jù. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àríyànjiyàn ti kúrò lórí ta ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Ó ti di ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tí kì í ka ìwé owó ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ á máa ka ìwé owó Everton fún yín lórí! Ẹ̀rín máa ń pa mí.

Apá méjì ni wọ́n máa ń pín sí. Àwọn kan á ní òfin owó yìí kò dára rárá. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan sọ pé: "Àwọn tó ti jẹun yó ló ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó má yá owó oúnjẹ. Bí olówó kan bá fẹ́ ná owó rẹ̀ lórí kíláàbù kékeré, kí ló kan ẹlòmíràn níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ọ̀pọ̀ ló mi orí.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń dúró de ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ Leventis United ti Ìbàdàn. O ò mọ Abiola Babes ti Abẹ́òkúta."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ní 1984, Leventis United gba Ife FA ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1985, Abiola Babes gbà á. Ní 1986, ó padà sọ́dọ̀ Leventis. Ní 1987, Abiola Babes tún gbà á. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ife náà fi wà nílẹ̀ Yorùbá, lọ́wọ́ kíláàbù méjì. Apò ilé iṣẹ́ kan ló ń bọ́ ọ̀kan, apò Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló ń bọ́ èkejì. Lónìí, méjèèjì ti parẹ́. Kì í ṣe pé wọn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá o! Ọwọ́ tó ń bọ́ wọn ló kúrò nínú àwo. Shooting Stars ti Ìbàdàn, tó gba ife ńlá ní Áfíríkà ní 1976, ti ṣubú, ó ti dìde, ó tún ṣubú, ó tún dìde, ṣùgbọ́n ó ṣì wà.

Ìbéèrè bàbá náà ni pé: nígbà tí olówó bá rẹ̀, ta ló máa san gbèsè? Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣòfin.

Ẹ wo bí òfin náà ṣe rí. Ní 2013 ni àwọn kíláàbù Premier League fọwọ́ sí i. PSR ni wọ́n ń pè é. Ó ní: ẹ ka owó tó wọlé, ẹ ka owó tó jáde, ẹ ro ọdún mẹ́ta pọ̀. Bí àdánù yín bá ju mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn lọ, ẹ ti rú òfin. Everton rú u. Àdánù tiwọn jẹ́ mílíọ̀nù 124.5, wọ́n sì yọ póìntì 10 lára wọn ní November 2023. Everton pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di póìntì 6 ní February 2024. Ní April ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún yọ 2 mìíràn. Ní November 2025, àwọn kíláàbù tún dìbò pé kí òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti sáà 2026–27. Òfin tuntun náà ń wo iye tí kíláàbù ń ná lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ àti iye tó ń wọlé fún un. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ó dáa. Kí ni gbèsè máa ń ṣe fún kíláàbù? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn mẹ́ta fún yín.

Àkọ́kọ́. Ọmọ Peckham ni Rio Ferdinand. Friary Estate ló dàgbà sí, ẹlòmíràn nínú yín ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní November 2000, Leeds United rà á lọ́wọ́ West Ham ní mílíọ̀nù 18 pọ́n-ùn. Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀yìn kankan lágbàáyé tí wọ́n tíì rà ní iye yẹn rí. Ní 2001, Leeds dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Champions League. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́! Ṣùgbọ́n owó àyálò ni wọ́n fi ń jó. Wọ́n yá mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn, wọ́n sì fi owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọdún tí kò tíì dé ṣe ìdúró. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni pé àwọn á máa wọ Champions League lọ́dọọdún. Wọn ò wọ̀ ọ́. Ní 2002, wọ́n ta Rio fún Manchester United ní nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Ní 2004, wọ́n jábọ́ kúrò ní Premier League, wọ́n sì ta pápá wọn, Elland Road. Ní 2007, wọ́n já dé ìpele kẹta. Ọdún 2020 ni wọ́n tó padà sókè. Ọdún 16! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n jábọ́ ti pé ọmọ ọdún 16 kí wọ́n tó padà.

Èkejì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá yín ta ni Kanu. Ní ọjọ́ 17 oṣù May 2008, ní Wembley, Nwankwo Kanu gbá gọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí Portsmouth fi na Cardiff, wọ́n sì gba FA Cup. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló di ará Portsmouth lọ́jọ́ náà. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní February 2010, Portsmouth di kíláàbù Premier League àkọ́kọ́ tó bọ́ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní administration. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbèsè ti bo kíláàbù mọ́lẹ̀, ẹni tí òfin yàn sì ti wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Gbèsè wọn lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn. Wọ́n yọ póìntì 9 lára wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun rèé. Ìjẹ̀ṣà ni wá nílé wa, Òṣómàáló sì ni bàbá bàbá mi. Láyé ìjọ́un, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà máa ń gbé aṣọ káàkiri, wọ́n á tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè bá ń sọ ìtàn, oníṣòwò á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á ní: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi! Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òṣómàáló tó le jù ni HMRC, àwọn agbowó orí. Wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà Portsmouth lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Òfin líìgì ní gbèsè tí ó wà láàárín àwọn tó wà nídìí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ pé pérépéré: owó agbábọ́ọ̀lù àti owó tí kíláàbù jẹ kíláàbù. Àwọn yòókù ni yóò pín ìyókù. St John Ambulance, àwọn tó ń sáré gbé ẹni tó bá dákú ní pápá, wà lára àwọn tí Portsmouth jẹ lówó. Nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, 20 pẹ́ńsì ni wọ́n ṣèlérí fún irú wọn. Ẹni tó ń gba owó ńlá lọ́sẹ̀ gba tirẹ̀ pé, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gba èérún. Bí mo bá ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn máa ń dákẹ́. Àwọn ará ìlú Portsmouth fúnra wọn ló dáwó jọ tí wọ́n ra kíláàbù náà ní 2013, nígbà tó ti ń já lọ sí ìpele kẹrin. Ní 2024, wọ́n padà dé ìpele kejì.

Ẹ̀kẹta wà nítòsí wa. Ní January 2010, Crystal Palace náà bọ́ sínú administration, ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn ti 1999. Póìntì 10 lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ta Victor Moses fún Wigan ní nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 pọ́n-ùn. Ẹ mọ ìtàn Moses? Kàdúná ni wọ́n ti bí i. Wọ́n pa bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá sílẹ̀ yìí ní ọmọdé. South Norwood ló dàgbà sí, ẹ̀gbẹ́ Selhurst Park níbẹ̀. Palace ló kọ́ ọ. Ní 2013, ó bá Nàìjíríà gba Ife Áfíríkà. Ní 2017, ó bá Chelsea gba líìgì. Wàyí o, mílíọ̀nù 2.5!

Òwe tòní nìyí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a ò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Bí nǹkan bá "pọ̀" lọ́jà, kò gbówó lórí. Bí ó bá "wọ́n", owó ńlá ni. Òwe náà ń sọ pé bí o bá fi ẹni tí ó jẹ́ tìrẹ ṣe ohun yẹpẹrẹ lónìí, lọ́la tí o bá nílò rẹ̀, kò sí iye tí o fẹ́ san tó máa dá a padà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, Leicester ńkọ́?" Òótọ́ ni. Leicester City bọ́ sínú administration ní 2002, wọ́n sì gba Premier League ní 2016, nígbà tí àwọn onítẹ́tẹ́ ń san 5,000 lórí 1 fún ẹni tó bá fi wọ́n ta á. Ní 2021, Wilfred Ndidi àti Kelechi Iheanacho wà níbẹ̀ tí wọ́n gba FA Cup. Òfin wà nílẹ̀, wọ́n sì gòkè. Nítorí náà, òfin kì í pa kíláàbù kékeré. Ṣùgbọ́n wọ́n jábọ́ ní 2023, wọ́n gòkè, wọ́n tún jábọ́ ní 2025. Dídé orí òkè yàtọ̀ sí dídúró níbẹ̀. Lórí èyí, mo gbà pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin tó ní òfin ń ran ẹni tó ti yó lọ́wọ́: kíláàbù tí owó púpọ̀ ń wọlé fún lè ná púpọ̀, òfin ò ní bá a wí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, màá fi ojú àkántáǹtì wò ó, nítorí ohun kan wà nínú ìwé owó bọ́ọ̀lù tí wọn kì í sọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Ká ní ìyá kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹja ní Rye Lane. Ó ra fìríìsà kan ní 1,000 pọ́n-ùn. Fìríìsà náà máa lò tó ọdún 5. Nínú ìwé rẹ̀, mi ò ní kọ pé ó ná 1,000 lọ́dún yìí. Màá pín in: 200 lọ́dún yìí, 200 lọ́dún tó ń bọ̀, títí ọdún 5 á fi pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n rà. Bí kíláàbù bá ra ẹnì kan ní mílíọ̀nù 50, tí ó fọwọ́ sí ìwé ọdún 5, mílíọ̀nù 10 ló máa hàn nínú ìwé lọ́dọọdún. Chelsea tilẹ̀ fún àwọn kan ní ìwé ọdún 8 kí iye ọdọọdún lè kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí Premier League fi sọ ní 2023 pé pínpín náà ò gbọ́dọ̀ kọjá ọdún 5.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí kíláàbù tọ́ dàgbà láti kékeré ńkọ́? Wọn ò rà á. Nínú ìwé, iye rẹ̀ jẹ́ òdo. Bí wọ́n bá wá tà á ní mílíọ̀nù 50, gbogbo mílíọ̀nù 50 náà ni èrè, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi: èrè 50 lórí ọmọ ilé kan tó láti gbé àlejò 5 tí wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 50, nítorí 10 lọ́nà 5 ni 50. Ṣùgbọ́n ti ọdún yìí nìkan nìyẹn o! Lọ́dún tó ń bọ̀, 50 mìíràn ti ń bọ̀ fún àwọn àlejò náà, owó oṣù wọn ò sí níbẹ̀. Ọmọ ilé wo ni wọ́n tún fẹ́ tà?

Ẹ ò wá rí i bí Chelsea ṣe ta Fíkáyọ̀ Tómorí àti Tammy Abraham ní 2021, Mason Mount ní 2023, Conor Gallagher ní 2024. Ọmọdé ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Chelsea. (Camberwell ni wọ́n ti bí Abraham, tòsí wa níbí.) Wọ́n tilẹ̀ ta òtẹ́ẹ̀lì wọn méjì fún ilé iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá kan náà ni, bí ẹni tó ta ewúrẹ́ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, èrè sì wọ inú ìwé!

Nottingham Forest gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní 2023, wọ́n ní ọmọ ilé kan, Brennan Johnson, ọmọ Nottingham gan-an. Ọjọ́ 30 oṣù June ni ìwé owó máa ń pa dé. Wọ́n kọ iye tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, wọ́n dúró di ọjọ́ 1 oṣù September, wọ́n tà á fún Tottenham ní iye tó ju mílíọ̀nù 45 lọ. Owó náà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìwé ti pa dé. Póìntì 4 ni wọ́n fi yọ wọ́n lẹ́nu ní March 2024. Ẹ wò ó: Forest kọ̀ láti ta ará ilé lọ́pọ̀, òfin sì fìyà jẹ wọ́n nítorí wọn ò tà á kíákíá.

Kí n má ṣe àbòsí: òfin kan náà sọ pé owó tí kíláàbù bá ná lórí títọ́ àwọn ọmọdé kò sí lára àdánù. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ fi méjèèjì sí ojú kan. Òfin ní kí ẹ tọ́ ọmọ, ó sì jẹ́ kí ọmọ tí ẹ tọ́ jẹ́ ohun tó rọrùn jù láti tà.

Adémọ́lá Lookman náà ńkọ́? Ọmọ Peckham, ọmọ Yorùbá. (Ẹ pè é dáadáa: A-dé-mọ́-lá. Adé ti mọ́ ọlá.) Bọ́ọ̀lù àdúgbò ló ń gbá kí Charlton tó mú un. Ní January 2017, nígbà tí Charlton wà ní ìpele kẹta, wọ́n tà á fún Everton ní nǹkan bí mílíọ̀nù 7.5 pọ́n-ùn. Nínú ìwé Charlton, èrè ni. Ó lọ sí Jámánì, ó padà, àwọn kan ní kò lè dé ibi kankan. Ní oṣù May 2024, ní Dublin, ó gbá gọ́ọ̀lù mẹ́ta wọ ilé Bayer Leverkusen, Atalanta sì gba Europa League. Ní òpin ọdún yẹn, wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Inú gbogbo Peckham dùn. Ẹ̀rín ni ti èmi, mo ṣáà ń ronú nípa òwe wa.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Láyé àtijọ́, bí gbèsè bá wọ ẹnì kan lọ́rùn, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé. Títí baba á fi rí owó san, ọmọ ò ní kúrò níbẹ̀. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú o, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Mi ò sì ní sọ pé ìwọ̀fà ni agbábọ́ọ̀lù tó ń gba owó ńlá, ìyẹn á jẹ́ àsọdùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí gbèsè bá dé, ọmọ ilé ni ojú máa ń kọ́kọ́ wò. Àgbà ló jẹ gbèsè, ọmọdé ló máa ń gbé ẹrù kúrò nílé.

Kí ló dé tí mo fi ń da ara mi láàmú lórí èyí? Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 12. Ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní Burgess Park lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́dún yìí, ọkùnrin kan láti kíláàbù kan tí mi ò ní dárúkọ wá bá wa ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó bọ̀wọ̀ fún wa, ó fún wa ní ìwé. Ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà, ọmọ ń fò sókè, èmi ń ka ìwé. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé! Kò sí ohun burúkú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú ìlà tí ọmọ mi máa wà lọ́jọ́ kan bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bí wọ́n ṣe fẹ́. Òdo ni wọ́n máa kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ rà á.

A jókòó sí tábìlì oúnjẹ, àwa mẹ́ta. Mo fi bébà ṣàlàyé fìríìsà àti ọmọ ilé fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Dádì, ṣé kí n má lọ ni?" Mo ní, "Lọ. Ṣùgbọ́n mọ ohun tí o jẹ́ nínú ìwé wọn, kí o má baà rò pé ohun kan náà ni o jẹ́ níbí." Lẹ́yìn náà, a sọ àdéhùn ilé wa. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé kò ní yẹ̀. Kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Àbámẹ́ta kò ní yẹ̀, àyàfi bí ìdíje bá bọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kó máa bọ̀ nílé lọ́la, ilé náà ló máa bọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. A buwọ́ lùwé náà.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí ọ̀rọ̀ "jèrè". Nínú ìwé mi níbi iṣẹ́, èrè ni ohun tó kù nígbà tí o bá yọ owó tí o ná kúrò nínú owó tí o tà á. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá gbé ọwọ́ lé yín lórí tó ní "ìyá rẹ á jèrè rẹ o", ṣé ó ní kí ìyá yín tà yín ni? Rárá o! Ó ń sọ pé kí ẹ dàgbà, kí ẹ nílááríì, kí ẹ wà nítòsí, kí ẹ sin òbí yín nígbà tí ọjọ́ bá pẹ́. Èrè ọmọ kì í sí lọ́jà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtumọ̀ méjì. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló máa mọ ìyàtọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Ó yá, ìdáhùn mi sí ọmọkùnrin tó béèrè. Wọ́n ń yọ póìntì nítorí pé bí kíláàbù kan bá ná owó tí kò ní láti fi borí, ó ti rẹ́ ẹni tó ná ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ, ó sì ti fi àwọn ará ìlú sínú ewu. Bury, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1885, tí ó gba FA Cup ẹ̀ẹ̀mejì, ni líìgì lé jáde ní August 2019 nítorí ọ̀rọ̀ owó. Nítorí náà, mo fara mọ́ kí òfin wà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí òfin kọ́kọ́ bi wọ́n pé: ṣé pápá ṣì jẹ́ ti kíláàbù? Ṣé oníṣòwò kékeré àti oníṣẹ́ àánú ti gba owó wọn? Ìjọba ti ṣe òfin kan ní 2025, wọ́n sì ti yan alábòójútó bọ́ọ̀lù. Kíláàbù kò lè ta pápá rẹ̀ mọ́ láìgba àṣẹ rẹ̀. Èyí tí mò ń retí ni ọjọ́ tí títa ọmọ ilé kò ní jẹ́ ọ̀nà tó yá jù láti tún ìwé owó ṣe.

Ẹ sì rántí Palace. Àwọn alátìlẹyìn mẹ́rin ló ra kíláàbù náà àti pápá rẹ̀ pa pọ̀ ní 2010. Wọ́n gòkè ní 2013, wọn ò sì yára. Ọjọ́ 17 oṣù May 2025, ọjọ́ kan náà tí Kanu gbá gọ́ọ̀lù rẹ̀ fún Portsmouth lọ́dún 17 ṣáájú, ni Eberechi Eze gbá ọ̀kan wọ ilé Manchester City, Palace sì gba FA Cup, ife ńlá àkọ́kọ́ wọn. Ọ̀kan fi owó àyálò dé Wembley, èkejì rìn ín ní ọdún 15.

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn ọ̀rọ̀ tòní nìyí:

Gbèsè: owó ẹlòmíràn tó wà lọ́rùn rẹ.
Èlé: owó tí a fi lé orí owó tí a yá.
Àwìn: kí o gba ọjà lónìí, kí o san owó lọ́jọ́ mìíràn.
Àdánù: nígbà tí owó tó jáde bá ju owó tó wọlé lọ.
Òṣómàáló: oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi sanwó.
Ìwọ̀fà: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún olówó títí wọ́n á fi san gbèsè.

Iṣẹ́ ilé: ẹ pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà lórí fóònù, ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń pè ní àjọ, báwo sì ni ẹ ṣe ń dá a?" Ẹ kọ ìdáhùn wọn ní gbólóhùn márùn-ún, ẹ fi àmì ohùn sí i.

Ó dìgbà kan ná o. Ẹ kí wọn nílé fún mi.